Ilé alámọ̀ wa ní Kétu: ọdún wo ni ká kọ sí ẹnu ọ̀nà?

Ọmọ Ìdẹ́nà

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ agbo ilé wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo gbé wá. Ilé alámọ̀ onígun mẹ́rin ni, àgbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká. Apá mẹ́ta ṣì dúró lábẹ́ páànù. Apá kẹrin, èyí tó wà níhà ìwọ̀ oòrùn, ti wó ku ìdí ògiri. Ẹbí ti fẹnu kò pé ká kọ ìtàn ilé sínú ìwé kékeré kan, ká sì lẹ òkúta mọ́ ẹnu ọ̀nà tí a ó kọ ọdún sí.

Ọdún yẹn ló di ìjà. Ẹ̀ka kan ní láyé Alákétu Òjékú ni wọ́n kọ́ ilé náà, kí ogun Dàhòmì tó dé. Ẹ̀ka kejì ní irọ́ ni, pé ọmọ ilé tó ti oko ẹrú Agbómẹ̀ (olú ìlú Dàhòmì) padà dé ló kọ́ ọ. Lórí sìmẹ́ǹtì àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan fi ìka kọ 1938 síbẹ̀. Àwọn àgbà ka orúkọ baálé méje fún wa. Ẹni tó ń ṣètò ìwé náà wá mú ọgbọ̀n ọdún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ní ilé náà ti lé ní igba ọdún.

Kí la lè yẹ̀ wò tí yóò parí ọ̀rọ̀ yìí? Àti pé ṣé ká kó àwókù apá kẹrin kúrò kí ọjọ́ ìpàdé ẹbí tó pé, kí àlejò má bàa bá ilé lójú ẹ̀gbin?

Ìyá Wàǹdó

Ẹ má fọwọ́ kan àwókù yẹn o! Apá tó wó gan-an ni yóò sọ̀rọ̀ jù, torí inú ògiri ti hàn síta níbẹ̀. Bí ẹ bá ti kó o dànù, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ na igi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan tì í kí àwọn tó bá wo fọ́tò lè mọ bí ó ti ga tó. Mò ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìjọba.

Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ jẹ́ ká di ohun tó dájú mú ná. Àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, kọlu Kétu ní 1883, ọdún náà ni wọ́n pa Òjékú. Wọ́n padà wá ní 1886, wọ́n dó ti ìlú títí ó fi tú. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó ènìyàn lọ sí Agbómẹ̀, àwọn tó ráyè sá sì gba ìhà Ìmẹ̀kọ (ní Nàìjíríà òde òní) lọ. Ó di ìgbà tí ọ̀gágun Dodds kó ogun Faransé wọ Agbómẹ̀ ní November 1892 kí àwọn ẹrú tó rí ọ̀nà àbọ̀. 1893 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá tẹ̀dó, ní 1894 Onyegen jẹ Alákétu. Láàárín 1886 sí 1893, ahoro ni Kétu. Ilé tó bá ti wà kí ogun tó dé, òrùlé rẹ̀ ti jóná, òjò sì rọ̀ sí i lórí bí ọdún méje kí ẹnikẹ́ni tó tún kan bẹẹrẹ lé e. Èrò tèmi ni pé kò sí ògiri alámọ̀ tó la ìyẹn já. Ẹ̀ka kejì ló jàre.

Nípa baálé méje, ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣètò ìwé kó pa ìṣirò yẹn rẹ́. Oyè baálé kì í ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Àgbà tó kù nínú ilé ló ń jẹ ẹ́: ẹ̀gbọ́n á kú, àbúrò á jẹ, àbúrò á kú, ọmọ bàbá kan náà mìíràn á tún jẹ. Òmíràn ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ kó tó kàn án, ọdún mẹ́ta, ó ti tẹ́rí gbaṣọ. Baálé méje lè wá láti inú ìran mẹ́ta péré. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé, fún baálé kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Àwọn tó bá jọ ní bàbá kan náà, ìlà kan náà ni ẹ ó tò wọ́n sí. Ìlà ni kí ẹ kà, ẹ má ka orúkọ.

Ẹ wá ti ọwọ́ ẹni tó wà láàyè kà sẹ́yìn. Bí ẹni tó dàgbà jù nínú yín bá ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bàbá rẹ̀ ti wáyé ní nǹkan bí 1905 sí 1915, bàbá bàbá rẹ̀ ní nǹkan bí 1870 sí 1885. Ẹni yẹn ni yóò ti jẹ́ ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ nígbà tí ogun kó Kétu. Ẹ wò ó bóyá òun ni "ọmọ tó ti Agbómẹ̀ dé".

Ọmọ Àgùdà

Ṣé fèrèsé ilé náà tẹ̀ kọrọdọ lókè? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ Àgùdà ni. Àwọn tó ti Bàhíà ní Brazil dé ló mú irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí Faransé tó gba ilẹ̀. Ìyẹn á jẹ́ kí ilé náà ti pẹ́ gan-an.

Bíríkìlà Ṣábẹ̀

Rárá o, ará mi. Fèrèsé kọrọdọ kì í ṣe ìwé ọjọ́ orí. Mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́ tí ẹ fi ń yangàn, tó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, 1912 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Faransé sì ti wà níjòkòó nígbà náà. Ọwọ́ ni bíríkìlà fi ń kọ́ iṣẹ́, ó lè gbé irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ sára ilé ní ọdún tó bá wù ú. A sì máa ń gbẹ́ ihò fèrèsé sínú ògiri tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀: bí amọ̀ tó yí i ká bá ní àwọ̀ mìíràn, tàbí tí bíríkì kéékèèké bá dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ni fèrèsé dé.

Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè láti ta kò yín díẹ̀. Òótọ́ ni pé ògiri tí kò ní òrùlé ń wó, ṣùgbọ́n kì í wó tán. Orí ni òjò ti ń jẹ ẹ́ wálẹ̀. Àárín ògiri ló kọ́kọ́ ń lọ, igun a máa pẹ́, torí ògiri méjì ló di ara wọn mú níbẹ̀. Amọ̀ tó ṣàn sílẹ̀ a sì bo ìdí, a dáàbò bò ó. Lẹ́yìn òjò ọdún méje, ìdí ògiri tó ga tó orúnkún tàbí ìbàdí lè ṣì wà lábẹ́ àwókù. Ẹni tó padà dé, tí kò lówó, tí òjò tún ń bọ̀, ṣé yóò hú ìdí ògiri bàbá rẹ̀ dànù kó tó po amọ̀ tuntun? Orí rẹ̀ ni yóò kọ́ ọ lé.

Bí ẹ ó ṣe wò ó rèé. Ẹ lọ sí ibi tó wó ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí oòrùn ṣì ń tan láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo ìlà ara ògiri ló máa ń hàn nígbà náà. Ìgbálẹ̀ tó rọ̀ ni kí ẹ fi gbá a, ẹ má da omi sí i. Ògiri alámọ̀ ìpele-ìpele là ń mọ ọ́n, ìpele kan tó bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, a ó jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan ká tó gbé òmíràn lé e. Ìlà àárín ìpele sí ìpele tí a mọ léra lẹ́ẹ̀kan náà máa ń tẹ́ gbọọrọ, àlàfo wọn sì dọ́gba. Ìlà ibi tí wọ́n ti tún kọ́ lé àwókù kì í tẹ́. Á ga níhà igun, á rẹlẹ̀ láàárín, ojú rẹ̀ á rí róbótó níbi tí òjò ti jẹ ẹ́, amọ̀ òkè á sì ṣàn bo ejìká tìsàlẹ̀. Àwọ̀ amọ̀ lè yàtọ̀, òkúta wẹẹrẹ inú rẹ̀ náà lè yàtọ̀, torí kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Nígbà mìíràn tìsàlẹ̀ á nípọn ju tòkè lọ, etí kékeré kan á yọ síta bí ìka mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo igun. Bí ìpele ògiri méjèèjì bá wọ ara wọn, ìgbà kan náà ni wọ́n mọ wọ́n. Bí ìlà kan bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ẹ lè ki abẹ ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n mọ ọ̀kan tì í. Kò sóhun tó yára fi hàn pé apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò dọ́gba ọjọ́ orí bíi ti igun.

Kí ẹ tún gòkè wo òrùlé. Òrùlé bẹẹrẹ gbọ́dọ̀ dà gan-an kí omi tó lè ré, páànù kò nílò rẹ̀. Torí náà nígbà tí wọ́n ń yí bẹẹrẹ padà sí páànù, wọ́n sábà máa ń mọ díẹ̀ kún orí ògiri, wọ́n á sì dí ihò igi àtijọ́. Ihò tí wọ́n dí yẹn máa ń hàn láti inú yàrá, róbótó-róbótó ní ìlà kan, nísàlẹ̀ igi tòde òní. Ìṣó náà ń sọ̀rọ̀: èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ ní igun mẹ́rin lára, ti ilé iṣẹ́ rí róbótó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, igi àtijọ́ kì í ṣòfò. Igi ìrókò tàbí igi apá tí ikán ò jẹ lè ti ṣe òrùlé ilé méjì kó tó dé orí tiyín, pẹ̀lú ìṣó rẹ̀ lára.

1938 yẹn, ọjọ́ orí sìmẹ́ǹtì àtẹ̀gùn ni. Kò sọ nǹkan kan nípa ògiri.

Olùkọ́ Ìtàn

Mo gbọ́, Bíríkìlà, mo sì gbà á nípa ìdí ògiri. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn nìkan kò tó láti fi pe 1886. Ilé tí ìdílé fi sílẹ̀ lọ sí oko fún ọdún mẹ́rin, nígbàkigbà, yóò wó bákan náà, wọn yóò tún un kọ́ bákan náà. Ohun tó lè so ó mọ́ ogun ni iná.

Bíríkìlà Ṣábẹ̀

Ọ̀rọ̀ rèé. Amọ̀ tí òrùlé jó lé lórí máa ń pọ́n, á le bí àpáàdì. Ṣùgbọ́n òkè ògiri ni iná ti ń mú jù, òkè náà ni òjò sì kọ́kọ́ wó. Nítorí náà ẹ má wá a lára ìdí ògiri nìkan, ẹ wá a nínú erùpẹ̀ tó wà nísàlẹ̀: ògúlùtu amọ̀ pípọ́n, èédú igi, eérú bẹẹrẹ tó tẹ́ káàkiri ilẹ̀ yàrá. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló dúdú, ààrò ìdáná ni, ẹ má pariwo ogun. Bí ilé náà bá sì ní àjà alámọ̀, iná orí òrùlé lè má wọ inú yàrá rárá.

Ìyálé Òkè Ọjà

Ẹ ti sọ ti amọ̀ tó, ẹ jẹ́ ká sọ ti ènìyàn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ ó pe àwọn àgbà jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó gbé fóònù síwájú wọn. Ẹni tó dàgbà jù á sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á máa kanrí, ẹ ó rò pé gbogbo wọn gbà. Ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú yàrá wọn, pẹ̀lú obì àti ìgò sódàbì (ògógóró) kékeré, kí ẹ tó pè wọ́n jọ.

Àwọn obìnrin ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Ìyàwó ilé tó ti pẹ́ mọ oríkì gbogbo ọmọ ilé, torí òun ló ń fi kí wọn láràárọ̀. Ọmọ-osú, èyí tó lọ ilé ọkọ tó padà wá, mọ ohun tí àwọn ọkùnrin ń fi pamọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Oríkì orílẹ̀ kò lè ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀, torí ìdílé tó pọ̀ ló jọ ń kì í. Oríkì ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tẹ́tí sí. Ẹ wo orúkọ náà. Bí Abíọ́nà bá wà nínú ìdílé, ẹ béèrè ọ̀nà wo: ọ̀nà oko, ọ̀nà Agbómẹ̀, àbí ọ̀nà àbọ̀?

Ẹ má bi wọ́n pé "ọdún wo". Ẹ bi wọ́n pé, nígbà tí wọ́n kan páànù sórí ilé yìí, ṣé ẹ ti lè gbálẹ̀? Ta ni baálé? Ta ni ọba? Onyegen jẹ títí di 1918, Adémúfẹ́kùn Dúdú tẹ̀ lé e títí di 1936, Adéwọrí 1937 sí 1963, Adétútù 1964 sí 2002. Rògbòdìyàn àwọn Ọ̀họ̀rí sí Faransé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, àjàkálẹ̀ àrùn 1918, òmìnira August 1960, ìjọba Kérékou ní October 1972, ọdún tí orílẹ̀-èdè di Benin ní 1975: gbogbo ìyẹn ni ẹ lè fi há ọ̀rọ̀ láàárín.

Kí ẹ bá wọn rìn yí ilé ká. Ní ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè: ta ló sùn níbí, ta ló kú síbí, ta ni wọ́n sin síbí? Àgbà tó jókòó máa ń gbàgbé, ẹsẹ̀ máa ń rán an létí.

Fóònù: ẹ pa ìpè, ẹ gbé e lé aṣọ tí ẹ ká, kì í ṣe orí tábìlì lásán, ẹ jìnnà sí ẹ̀rọ amúnáwá. Kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọjọ́, àti ibi tí ẹ wà. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá sì ní "èyí kì í ṣe fún etí gbogbo ayé", ẹ pa á níwájú wọn.

Ìyá Wàǹdó

Mo ti dé. Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba wà níbí ní Wàǹdó, Àjàṣẹ́. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ wá, ẹ kọ lẹ́tà kékeré tó sọ ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ sì béèrè ìwé atọ́ka kí ẹ tó béèrè páálí kankan. Lábẹ́ lẹ́tà E ni ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ìròyìn àwọn alákòóso wà, lábẹ́ M ni ti ilé ẹjọ́. Ẹjọ́ ogún ni kí ẹ fojú sí. Ibi tí ọmọ bàbá méjì bá ti jà lórí yàrá, akọ̀wé á kọ orúkọ àdúgbò, orúkọ bàbá, nígbà mìíràn ẹni tó kọ́ ilé. Ẹ má retí àwòrán ilé o, ẹ lè ka páálí mẹ́ta kí ẹ tó rí ìlà kan ṣoṣo.

Bí àwọn Faransé ṣe ń kọ orúkọ wa ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Adéṣínà á di Adéchina, Ògúndélé á di Ogoundélé, Ojú á di Odjou. Ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ ìdílé yín sí ojú ìwé kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kódà èyí tí kò bójú mu.

Èyí tí kò ná yín ní owó ọkọ̀: àwọn Journal officiel (ìwé ìkéde ìjọba) ti Dahomey ayé àtijọ́ wà lórí Gallica, ìkànnì ilé ìkàwé ìjọba Faransé. Láti ìgbà òfin 24 July 1906 ni wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ fún titre foncier (ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀), ìkéde rẹ̀ sì máa ń jáde níbẹ̀. Ti Àjàṣẹ́ pọ̀, ti Kétu kò tó nǹkan. Bí ọmọ ilé yín kan bá bá ogun 1914 lọ, tó kú sọ́hùn-ún, ẹ wá a lórí Mémoire des hommes, ìkànnì ìjọba Faransé fún orúkọ àwọn ọmọ ogun. Ẹ tún béèrè ìwé ìrìbọmi ní ìjọ Àgùdà (Kátólíìkì) bí ẹnì kan bá ti di onígbàgbọ́ tipẹ́.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí: fọ́tò tí wọ́n ya láti inú ọkọ̀ òfúrufú ní àwọn ọdún 1950. IGN, ilé iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ ti Faransé, ló ya wọ́n, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè yín ní IGN ti Benin ní Kútọnu. Lórí fọ́tò dúdú-àti-funfun, páànù á tàn bí i pé ó funfun, bẹẹrẹ á dúdú. Ẹ ó rí iye apá tó ní páànù lọ́dún náà, ẹ ó sì rí bóyá àgbàlá náà ti pé igun mẹ́rin.

Ọmọ Àgùdà

Mo gba ìbáwí fèrèsé. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dárúkọ Bàhíà. Ní Salvador, olú ìlú Bàhíà, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Alákétu. Ìtàn wọn ni pé ọmọbìnrin ilé Aro ní Kétu, tí Dàhòmì kó lẹ́rú, ló dá a sílẹ̀. Ṣé kò yẹ kí ìdílé yìí bi wọ́n léèrè?

Olùkọ́ Ìtàn

Ìtàn yẹn wà, wọ́n sì mú un ní pàtàkì lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n Aro jẹ́ ọ̀kan nínú ilé márùn-ún tó ń jọba ní Kétu, pẹ̀lú Alápìíní, Mágbò, Mẹ̀ṣà àti Mẹ̀fù. Bí ilé yín kò bá sí lára Aro, ẹ má so ara yín mọ́ ọn nítorí pé ó dùn-ún gbọ́. Àlejò láti Brazil a máa wá, wọ́n a sì máa béèrè ìbéèrè.

Bàbá Ìmẹ̀kọ

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ìdílé. Ẹ má gbàgbé wa lẹ́yìn ààlà. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fa ìlà náà ní 1889, Kétu kì í ṣe méjì tẹ́lẹ̀. Àwọn tó sá lọ́dún 1886 tí wọn kò padà, ọmọ wọn wà ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìdọ̀fà, ní Ìlárá. Àwọn wọ̀nyí kò bá yín pín ilẹ̀ Kétu, kò sí ìdí tí wọ́n á fi yí ìtàn padà. Ẹ bi wọ́n bí ilé ṣe rí kí ogun tó dé àti àdúgbò tó wà. Bí oríkì tiwọn bá bá tiyín mu níbi kan, ibẹ̀ ló ti pẹ́ jù. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì lórí apá ọ̀dọ̀ wa wà ní ilé ìpamọ́ ìwé Ìbàdàn, lábẹ́ Ìláròó àti Abẹ́òkúta.

Ọ̀rọ̀ òkú inú yàrá tí ìyálé sọ ṣe kókó. Ẹni tí wọ́n bá sin sí yàrá ìwọ̀ oòrùn, ẹ wádìí bóyá ó kú kí ogun tó dé tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́lẹ̀ o. Ẹnu ni kí ẹ fi béèrè.

Ọmọ Ìdẹ́nà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. A ti gbá ìdí ògiri náà. Ìlà tí Bíríkìlà wí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ga ní igun, ó rẹlẹ̀ láàárín dé orúnkún, tìsàlẹ̀ pọ́n díẹ̀, tòkè ní òkúta wẹẹrẹ. Apá ìwọ̀ oòrùn nìkan ló ní in. Igun tó so ó mọ́ apá àríwá ní ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ tààrà. A rí eérú, ṣùgbọ́n igun kan ṣoṣo ló wà. Ìyá àgbà kan ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná rí. Nígbà tí a to baálé méje sí ìlà, ìran mẹ́ta ló jáde. Àwọn méjì tó ṣáájú jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, orúkọ àbúrò sì ni Abíọ́nà! Àwọn àgbà ní ọ̀nà àbọ̀ láti Agbómẹ̀ ni wọ́n ti bí i.

Olùkọ́ Ìtàn

Nígbà náà, ó jọ pé ẹ̀gbọ́n Abíọ́nà ni ẹni tó kọ́ apá ìwọ̀ oòrùn, ó sì ṣeé ṣe kí òun ti dàgbà tó láti mọ ibi tí ilé bàbá rẹ̀ wà. Ìjà ẹ̀ka méjèèjì kì í ṣe lórí ohun kan náà. Ọ̀kan ń sọ ti ilẹ̀ ilé, èkejì ń sọ ti ògiri. Mo lè fọwọ́ sí i pé wọ́n tún apá ìwọ̀ oòrùn kọ́ sórí àwókù ilé tó ṣáájú rẹ̀, pé àwọn tó padà láti Agbómẹ̀ ló kọ́ ọ lẹ́yìn 1893, àti pé apá àríwá dé lẹ́yìn ìyẹn. Èmi kò ní kọ Òjékú sórí òkúta pẹ̀lú eérú ààrò.

Bíríkìlà Ṣábẹ̀

Èmi yóò kọ ọ́, bí àwọn ará Ìmẹ̀kọ bá dárúkọ àdúgbò kan náà láìjẹ́ pé ẹnì kan ti sọ fún wọn. Ọ̀nà méjì tí kò mọ ara wọn tó pàdé síbì kan, ìyẹn tó mi.

Olùkọ́ Ìtàn

Ìyẹn á fi hàn pé ìdílé wà ní àdúgbò náà kí ogun tó dé. Kò fi hàn pé ìdí ògiri yẹn ni tiwọn.

Alágbàwí Pobẹ̀

Kí ẹ tó tẹ ìwé náà jáde, ẹ gbọ́ èyí. Ìwé ìtàn ilé kì í ṣe ìwé ilẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìjà, ẹnì kan á gbé e lọ sílé ẹjọ́. Bí ẹ bá kọ pé "ẹ̀ka lágbájá ló ni ilé", ẹ ti dá ẹjọ́. Ẹ kọ ẹni tó kọ́ apá kọ̀ọ̀kan, ẹ má kọ ẹni tó ni ín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ojú ewé tó ní ìwọ̀n ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé ilẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Òfin 2013-01, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, ló ń darí rẹ̀. Láti ilé ìjọba ìbílẹ̀ ni ẹ ó ti gba attestation de détention coutumière (ìwé ẹ̀rí pé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ yín nípa àṣà) lórúkọ gbogbo ìdílé, ẹ̀yìn ìyẹn ni titre foncier lọ́dọ̀ ANDF, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀.

Igi ìdílé tí ẹ ń yà, ṣé orúkọ àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀? Láti ìgbà òfin ìdílé 2004, ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin dọ́gba nínú ogún. Igi tí ó ka ọkùnrin nìkan yóò dá ìjà tuntun sílẹ̀, yóò sì tún sọ ìtàn di àbọ̀. Tiyín gan-an, ẹnu àwọn obìnrin ni ẹ ti ń gbọ́ ọ.

Ìyálé Òkè Ọjà

Ẹ ṣé, Alágbàwí. Kí orúkọ àwọn ìyá náà wà níbẹ̀, kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan. Orúkọ ìyá ló ń fi hàn bóyá baálé kan àti èkejì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ọmọ Ìdẹ́nà

A ó rán ènìyàn méjì lọ sí Ìmẹ̀kọ, a ò sì ní sọ orúkọ àdúgbò fún wọn ṣáájú. Ìbéèrè kan ló kù: àwọn ọ̀dọ́ ti dá owó sìmẹ́ǹtì, wọ́n fẹ́ fi rẹ́ ìdí ògiri náà kó má bàa wó mọ́. Ṣé kí wọ́n ṣe é?

Bíríkìlà Ṣábẹ̀

Ẹ gba sìmẹ́ǹtì yẹn lọ́wọ́ wọn kíá, ẹ fi ṣe ojú ìṣàn omi àgbàlá. Amọ̀ ń fa omi láti ilẹ̀, ó sì ní láti máa mí í síta. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì dí i, omi á dúró sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ á rọ̀, lẹ́yìn òjò méjì tàbí mẹ́ta sìmẹ́ǹtì á ṣí bẹ́ẹ̀, á bọ́ tòun ti ojú ògiri. Ìlà tí ẹ ń wò á bá a lọ.

Ohun tí ẹ ó ṣe kí òjò March tó bẹ̀rẹ̀: ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré sí ọwọ́ òkè, kí omi má bàa dúró sí ìdí rẹ̀. Ẹ po amọ̀ ibẹ̀ gan-an pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́ta kó kan, ẹ wá fi bo orí ògiri nìkan bí ìbú ọwọ́ kan, kó dà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí omi lè ré. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ìlà wà ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, igi mẹ́rin àti páànù àlòkù márùn-ún tàbí mẹ́fà lókè rẹ̀, kí páànù náà yọ kọjá ògiri tó ìgbọ̀nwọ́ kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi òkúta tẹ páànù mọ́lẹ̀, kí ẹ sì kàn án mọ́ igi pẹ̀lú, torí afẹ́fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní Kétu kò mọ òkúta.